Réjísítà Ọjọ́ Sátidé

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ mọ̀ mí síbi ká ké ewì. Ṣùgbọ́n ẹ ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo dákẹ́ bí ẹni tí kò lẹ́nu, lọ́jọ́ tí wọ́n fi mí ṣe olùdarí kíláàsì ìwé kíkà nínú ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ kan ní Ìbẹfun, ìlú bàbá mi.

Bọ̀dá tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀ ríṣẹ́ sí Èkó. Alága gbé kọ́kọ́rọ́, páálí ìwé méjì àti réjísítà lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Ṣebí Yorùbá lò ń kà ní yunifásítì? Iṣẹ́ ẹ nìyẹn."

Ẹgbẹ́ ò ṣàjèjì nílẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ẹni tó bá ti wo Ojúde Ọba rí ní Ìjẹ̀bú-Òde, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, á ti rí bí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ ṣe ń jó lọ síwájú ọba nínú aṣọ ẹgbẹ́ wọn. Èmi náà rò pé kéèyàn ṣáà rí bí ẹlẹ́gbẹ́ ti tó.

Sátidé àkọ́kọ́, ọmọ mẹ́rìnlélógún ló wá. Mo pariwo, mo na tábìlì bí Bọ̀dá ṣe máa ń nà án. Nígbà tó di Sátidé kẹrin, wọ́n ku méje. Mo ní fóònù ló ti ba àwọn ọmọ ayé ìsinsìnyí jẹ́.

Alága wá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àwọn tó fún wa lówó ìwé ń bọ̀ wá wo réjísítà. Má jẹ́ kó dín ní ogún o."

Mi ò ní purọ́ fún yín, mo mú báírò. Mo ti kọ "ó wá" síwájú orúkọ ọmọ mẹ́ta tí kò wá. Orúkọ kẹrin jẹ́ ti ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó síwájú pátápátá. Ìgbà yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn pé mi ò béèrè ọmọ yìí rí. Ọwọ́ mi kọ̀.

Mo ti ilẹ̀kùn, mo wá a lọ. Abẹ́ páánù tí wọ́n ti ń ṣe gàrí ni mo bá a, òun àti àwọn mélòó kan nínú àwọn tí mò ń bú, tí wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́. Gàrí Ìjẹ̀bú ò ṣe é kánjú ṣe. Tí wọ́n bá lọ ẹ̀gẹ́ tán, inú àpò ló máa wà fún ọjọ́ mélòó kan kó lè kan dáadáa, kí wọ́n tó jọ̀ ọ́, kí wọ́n tó yan án. Sátidé tí àwọn ọmọ ráyè, Sátidé náà ni ìyá wọn nílò ọwọ́ wọn.

Ọmọ náà gbójú sókè. "Àǹtí, ṣé ìjàpá yẹn padà jáde nínú kòtò?"

Ìyá ẹ̀ sún àpótí sí mi. "Ẹ jókòó. Ọ̀bẹ ń bẹ níbẹ̀."

Mo bó ẹ̀gẹ́, mo parí ìtàn. Mo ti kọ ọ́ sínú iṣẹ́ àmúrelé rí pé Táí Ṣólàárín dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1956, àti pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń ro oko oúnjẹ ara wọn. Máàkì ni mò ń wá nígbà yẹn. Ìdí àpótí yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti yé mi.

Mo fagi lé "ó wá" mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo kọ méje, mo kọ ìdí rẹ̀ sísàlẹ̀. Inú bí Alága. Àwọn àlejò wá, wọ́n wò ó, wọ́n lọ. A ò tíì gbọ́ bóyá wọ́n á tún fún wa lówó.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la ń ṣe kíláàsì báyìí, lẹ́yìn ẹ̀gẹ́ bíbó. Ìgbà míì, abẹ́ páánù yẹn náà la ti ń ṣe é. Sátidé tó kọjá, ọmọ mẹ́tàlá ló wá. Mẹ́tàlá náà ni mo kọ.