Òjò Kọ́ Ni Ó Ba Ẹ́ńjìnnì Jẹ́

Ní agbègbè Atakpamé wa yìí, láti nǹkan bí oṣù kẹrin ni òjò ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í káwọ́ nílẹ̀ tán títí di oṣù kẹwàá. Àgbẹ̀ a máa dúpẹ́, ṣùgbọ́n awakọ̀ a máa fajú ro. Ẹni tí ó bá ti ní lọ́rì àtijọ́ tí ń mu bẹntiróòlù rí yóò mọ ohun tí mò ń sọ. Ọkọ̀ tí ó sáré dáradára ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọsẹ̀ ní ọjọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀. Yóò máa gbọ̀n, yóò máa húkọ́, agbára rẹ̀ yóò sì dínkù. Àwọn mẹkáníìkì a ní ẹ́ńjìnnì náà ń míìsì, èyí ni pé ọ̀kan tàbí méjì nínú àwọn sílíńdà rẹ̀ kò gbiná nígbà tí ó yẹ kí wọ́n gbiná.

Mo fẹ́ sọ ohun tí mo fi ojú ara mi rí nípa àìsàn yìí, nítorí pé ó kù díẹ̀ kí ó lé ọmọ ọlọ́mọ kan kúrò ní ilé wa.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, ni ó ní lọ́rì náà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Bẹntiróòlù ni ó ń mu, sílíńdà mẹ́fà ni ó sì ní. Ó máa ń lọ sí ìhà ìwọ̀ oòrùn, sí Badou àti àwọn abúlé orí òkè àwọn Akposso, láti kó kòkó àti kọfí àti ẹrù àwọn ìyá ọlọ́jà wá sí Atakpamé. Èmi ni mo máa ń bá Bàbá kọ owó tí ó wọlé àti èyí tí ó jáde sínú ìwé. Owó lọ́rì yìí ni a fi ń rán ọmọ mẹ́fà ní ilé ìwé. Nítorí náà, bí lọ́rì bá húkọ́, gbogbo ilé ni ó ń gbọ́ ọ.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, bí òjò ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í míìsì. Bí ó bá dé ẹsẹ̀ òkè pẹ̀lú ẹrù, àwọn èrò ní láti sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n tì í nínú ẹrẹ̀. Àwọn ìyá ọlọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í bá ọkọ̀ mìíràn lọ. Bàbá ra bougie tuntun mẹ́fà, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní púlọ́ọ̀gì. Wọ́n tú kábúrétọ̀, wọ́n fọ̀ ọ́. Wọ́n pààrọ̀ ohun tí ń fa epo láti inú táńkì. Oòrùn ràn fún ọjọ́ mẹ́ta, ọkọ̀ ń sáré, a ní ó ti tán. Òjò tún rọ̀, ẹ́ńjìnnì tún padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀.

Ibi tí owó bá ti tán, ọ̀rọ̀ ni ó kù. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé wà nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn nawọ́ sí ọmọ iṣẹ́ tí ń tẹ̀lé ọkọ̀, ọmọ opó kan tí kò ju ọdún mẹ́rìndínlógún lọ. Òun ni wọ́n máa ń rán lọ ra epo. Wọ́n ní ó ń tà lára rẹ̀, ó sì ń bu omi rọ́pò èyí tí ó tà. Wọ́n ní ẹ wo bàtà tuntun tí ó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àwọn àgbà wa máa ń wí pé, àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ni ó pa ọmọ jẹ? Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n bí a bá fi dájọ́ láìwádìí, ó lè pa aláìṣẹ̀. Bàbá sọ fún ọmọ náà pé kí ó di ẹrù rẹ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ Sátidé tó ṣú. Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ń sunkún, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, n kò ta epo yín." Kò sí ẹni tí ó gbà á gbọ́ àyàfi ìyàwó Bàbá, òun ni ó sì ní kí a pe mẹkáníìkì àgbàlagbà kan wá, ẹni tí ó ti fẹ̀yìn tì.

Bàbá àgbà yìí kò mú irinṣẹ́ kankan dání nígbà tí ó dé. Ìbéèrè ni ó kọ́kọ́ ń bèèrè. Ó ní, ṣé bẹntiróòlù ni ọkọ̀ yìí ń mu ni, tàbí gasoil? Ó ní ìyàtọ̀ ńlá wà níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì gasoil kò ní bougie tí ń ta iná sí epo. Afẹ́fẹ́ tí a tẹ̀ pọ̀ títí ó fi gbóná janjan ni ó ń jó epo rẹ̀. Bí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń míìsì nígbà òjò, omi inú epo àti asẹ́ rẹ̀ ni kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù kò lè ṣiṣẹ́ láìsí iná kékeré tí ń ta ní ẹnu bougie, iná yìí ni omi sì ń bá jà.

Ó tún bèèrè pé, bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná fún ìgbà díẹ̀, ṣé ó máa ń sàn, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀ lọ́wọ́? Awakọ̀ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé orí òkè ni ó ti ń le jù, tàbí orí ilẹ̀ títẹ́jú? Awakọ̀ ní orí òkè ni. Bàbá àgbà mi orí. Ó ní, "Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ jẹ́ kí á wo epo."

Ó fa epo díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ táńkì sínú ìgò funfun kan, ó gbé e sórí tábìlì, a sì jẹun tán kí ó tó tún wò ó. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ. Bí omi bá wà nínú rẹ̀, yóò lọ sí ìsàlẹ̀ ìgò, a ó sì rí ààlà láàárín àwọn méjèèjì. A kò rí ààlà kankan. Ó ní, "Bàbá, epo yín mọ́. Omi inú epo kì í dúró de òjò kí ó tó yọ ẹ́ńjìnnì lẹ́nu. Ì bá ti hàn ní ọjọ́ tí oòrùn ràn." Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn gbé ẹrù kúrò lórí ọmọ opó náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò tíì rí ohun tí ń ṣe ọkọ̀.

Nígbà náà ni ó jókòó, ó ṣàlàyé fún wa. Bátìrì ọkọ̀ kò ju fóòtì 12 lọ. Fóòtì 12 kò lè fo àlàfo tí ó wà ní ẹnu bougie, bí àlàfo náà kò tilẹ̀ pé mìlímítà kan. Nítorí náà ni bobine fi wà, tí ń sọ fóòtì 12 di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ó lè lé ní 10,000. Láti ibẹ̀, wáyà kan gbé iná náà lọ sí delco, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní dísítíríbútọ̀, òun ni ó sì ń pín in fún sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní ìgbà tirẹ̀. Mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé láti Amẹ́ríkà ni orúkọ yẹn ti wá. Ní ọdún 1909, Charles Kettering àti Edward Deeds dá ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Dayton Engineering Laboratories Company sílẹ̀ ní ìlú Dayton, ní Ohio. Nínú orúkọ gígùn yìí ni wọ́n ti gé Delco jáde. Ètò tí Kettering ṣe fún ọkọ̀ Cadillac ọdún 1910 ni bàbá ńlá èyí tí ó wà nínú lọ́rì wa.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ti pọ̀ tó. Bí ẹ́ńjìnnì onísílíńdà mẹ́fà bá ń yí ní ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú kan, iná ní láti ta ní ìgbà 6,000 nínú ìṣẹ́jú kan náà, èyí ni ìgbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Iná tí ó lágbára tó bẹ́ẹ̀ sì dàbí ọ̀lẹ ènìyàn: ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni ó máa ń wá. Bí ara wáyà àti ìdérí delco bá mọ́, tí ó sì gbẹ, kò rí ọ̀nà mìíràn, yóò lọ sí bougie. Ṣùgbọ́n bí eruku àti òróró bá ti dì mọ́ ọn, tí ìrì òjò sì rin ín, ọ̀nà tuntun ti là nìyẹn. Yóò gba ara omi náà sálọ sí ara irin ẹ́ńjìnnì, sílíńdà yóò sì máa retí ohun tí kò ní dé. Ní orí òkè, nígbà tí awakọ̀ bá tẹ epo mọ́lẹ̀, ohun tí ó wà nínú sílíńdà fún pọ̀ gan-an, ó sì le fún iná láti ta níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àìsàn náà fi ń le sí i lórí òkè. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì gbóná, ooru rẹ̀ á gbẹ omi náà, ara á tù ú.

Alẹ́ ni ó ní kí á dúró dè. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú biribiri, ó fi òkúta dí ẹsẹ̀ ọkọ̀, ó ṣí ìbòrí ẹ́ńjìnnì, ó ní kí a pa gbogbo àtùpà, kí ọmọ kankan má sì sún mọ́ fáànù. Wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Ó fi ìgò tí a fi ń fín omi sí aṣọ tí a fẹ́ lọ̀, ó fín omi díẹ̀ sí àwọn wáyà, níkọ̀ọ̀kan. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ó fín in sí bobine. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ó fín in sí ìdérí delco, ẹ́ńjìnnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́ lójú ẹsẹ̀. Nínú òkùnkùn náà ni a rí iná tín-ín-rín aláwọ̀ búlúù tí ń rá pálá lórí ìdérí náà, bí ìgbà tí kòkòrò bá ń tàn lóko.

Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, ó tú ìdérí náà, ó nù ún, ó sì tan àtùpà sí i. Ó ti sán. Ojú sísán náà kò ju okùn irun orí lọ, ìlà dúdú kan sì wà nínú rẹ̀ bí ẹni fi pẹ́ńsù fà á. Ó ní ibi tí iná bá ti ń rìn, ó máa ń jó o di èédú, èédú pàápàá sì máa ń gbé iná. Nítorí náà, bí ó bá ti pẹ́ sí ni ó ń burú sí i, nínù nìkan kò sì lè wò ó sàn. Ohun tí Bàbá rà ní ọjọ́ kejì kò tó owó bougie mẹ́fà tí ó ti kọ́kọ́ rà. Òjò rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, lọ́rì gun òkè láìhúkọ́.

Bàbá pe ọmọ iṣẹ́ náà níwájú gbogbo àwọn tí ó ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa. Ó ní, "Ọmọ mi, tú ẹrù rẹ. Má bínú." Kò rọrùn fún àgbà láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọdé, mo sì bọ̀wọ̀ fún un títí di òní. Ní ti bàtà tuntun náà, ìyá ọmọ náà ni ó fi owó gàrí rà á.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí. Òjò kọ́ ni ó ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ìdérí náà ti sán láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, òjò kàn fi í hàn ni. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí nínú ilé pẹ̀lú. Nígbà tí owó bá wọ́n tàbí tí àìsàn bá dé, a máa ń rò pé ìṣòro ni ó mú ìjà wá, ṣùgbọ́n ojú sísán ìfura ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ mọ òtítọ́, kí ó bèèrè kí ó tó nawọ́ sí ẹnikẹ́ni, kí ó sì dán nǹkan wò níkọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó bá pààrọ̀ ohun mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan kò ní mọ èyí tí ó wo ọkọ̀ sàn.

Lóde òní, ọ̀pọ̀ lọ́rì ń mu gasoil, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bẹntiróòlù tuntun kò sì ní delco mọ́. Bobine kékeré ni ó wà lórí bougie kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, rọ́bà àti ike wọn a máa sán, omi a sì máa wọ̀ ọ́. Fún ẹ̀yin tí ẹ ṣì ní ti àtijọ́, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu wáyà àti ìdérí delco kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ó sán. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán kan wáyà bougie nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, ẹ má sì ṣe dán iná wò níbi tí epo bá ti ń jò.

Sùúrù ni baba ìwà. Kí ọ̀nà ṣe déédéé fún gbogbo awakọ̀ wa, àti fún àwọn ọmọ tí ń tẹ̀lé wọn.