ỌKỌ̀ ÒKUN KÌ Í DÚRÓ DE ẸNÌKAN: Ìrìn àjò mi láti Southampton dé Las Palmas

Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Kì í ṣe ti bàálù tí gbogbo wa mọ̀. Ti ọkọ̀ òkun ni, ọkọ̀ ńlá tí èèyàn ń wọ̀ nítorí fàájì, tí wọ́n ń sùn nínú ẹ̀, tí wọ́n ń jẹun nínú ẹ̀, tó sì ń gbé wọn láti ìlú dé ìlú. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Ìlú Òyìnbó ti ń fi í ṣe ẹ̀bùn ọjọ́ ìbí fún òbí wọn báyìí. Ẹni tí kò kàn lónìí, ó lè kàn án lọ́la.

Àwọn àgbà inú wa á rántí Aureol, ọkọ̀ iléeṣẹ́ Elder Dempster. Láti 1951 ló ti ń ná Líbápù sí Èkó, tó ń gbé èrò bíi 350. Ó ń lò tó ọjọ́ 13 lójú omi. Bó bá kúrò l'Apapa, á ya Gáná, á ya Monrovia, á ya Freetown, á ya Las Palmas kó tó dé Líbápù. Ní 1972, wọ́n gbé ibùdó rẹ̀ kúrò ní Líbápù lọ sí Southampton. Nígbà tó di 1974, ó dáwọ́ èrò gbígbé dúró pátápátá, bàálù ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Àbúrò bàbá mi wọ Aureol ní 1961 nígbà tó ń lọ kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì. Títí ọlọ́jọ́ fi dé, kò yé sọ̀rọ̀ Las Palmas. Ó ní ibẹ̀ ni òun ti kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ òyìnbó. Nítorí náà, nígbà tí Túndé ọmọ mi bi mí pé, "Mọ́mì, ibo lẹ fẹ́ kí ọkọ̀ gbé yín lọ?" mi ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ LÉTÍ OMI

Àwa méjì ló yẹ ká jọ lọ, èmi àti Ìyá Bọ́sẹ̀ tó ń ta aṣọ ní Gbági, n'Ibadan. Èmi ń rán, òun ń tà, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí a ti ń bára wa bọ̀. Àwọn ọmọ wa gba yàrá kan fún wa, nítorí pé ẹni tó bá dá yàrá gbà nínú ọkọ̀ yìí, owó ẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ẹni méjì. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ẹ wá ọ̀rẹ́ tí kì í han-anrun, kẹ́ ẹ jọ lọ.

A dé Southampton. Wọ́n gba ẹrù wa. Wọ́n wo ìwé ìrìnnà tèmi, wọ́n ní kí n kọjá. Wọ́n wo ti Ìyá Bọ́sẹ̀, wọ́n wò ó títí, wọ́n tún pe ẹlòmíì wá wò ó. Ó ní, "Mọ́mì, físà yìí, ẹ ti lò ó tán."

Ìyá Bọ́sẹ̀ ní, "Lò ó tán báwo? Ọjọ́ ẹ̀ kò tíì pé. Ó ṣì ku oṣù kan gbáko!"

Òótọ́ ni, ọjọ́ ẹ̀ kò tíì pé. Ṣùgbọ́n físà ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, Bọ́sẹ̀ ti mú ìyá ẹ̀ lọ wo Páríìsì. Sípéènì, Potogí àti Faransé, físà kan náà ni wọ́n jọ ń lò, èyí tí wọ́n ń pè ní Schengen. Bí ẹ ṣe wọ Páríìsì tí ẹ sì jáde, ẹ̀ẹ̀kan yẹn ti lọ nìyẹn. Bọ́sẹ̀ bẹ̀bẹ̀, ó sunkún. Kò sí nǹkan tí wọ́n lè ṣe. Nínú ìwé tí a tọwọ́ bọ̀, èrò ló ni ẹrù ìwé tirẹ̀. Owó kò ní padà.

Ìyá Bọ́sẹ̀ kò sunkún ní tiẹ̀. Ó kàn di gèlè ẹ̀ mọ́rí dáadáa, ó ní, "Ìyá Túndé, máa lọ. Owó tèmi ti wọgbó, má jẹ́ kí tìrẹ náà wọ omi." Nígbà tí ọkọ̀ fọn fèrè ní ìrọ̀lẹ́, orí òkè ni mo wà tí mò ń wo etíkun. Ojú mi kún fún omijé.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ o. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ yẹ nǹkan wọ̀nyí wò. Ìkíní, ẹ wo iye ìgbà tí físà yín fún yín láti wọlé, kì í ṣe ọjọ́ ẹ̀ nìkan. Èyí tó ń wọlé lọ́pọ̀ ìgbà ni kẹ́ ẹ bèèrè. Bí ọkọ̀ bá ya Mòrókò láàárín, ẹ ti jáde kúrò ní Schengen nìyẹn, ẹ óò tún wọ̀ ọ́ padà. Ìkejì, ẹ rí i pé físà Ìlú Ọba yín ṣì lágbára lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ń padà bọ̀. Ìkẹta, kí ọjọ́ tó kù lórí ìwé ìrìnnà yín pọ̀ dáadáa. Schengen ń fẹ́ oṣù 3 lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ óò kúrò lọ́dọ̀ wọn, àwọn ọkọ̀ mìíràn ń fẹ́ oṣù 6. Ìkẹrin, nílé ni kí ẹ ti gba físà yín, kí ẹ tó gbéra. Kí ọmọ yín sì kọ̀wé bi àwọn ọlọ́kọ̀, kí wọ́n dáhùn ní kíkọ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò ṣe é mú dání dé etí omi.

YÀRÁ WO LÓ DÁRA?

Oríṣi yàrá mẹ́rin ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan wà ní inú pátápátá, kò ní fèrèsé, òun ló pọ́ọ́kú jù. Ìkejì ní fèrèsé. Ìkẹta ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kékeré tó kọjú sí òkun. Ìkẹrin, ti àwọn olówó ni. Èmi yan onífèrèsé, ní àárín ọkọ̀, nísàlẹ̀. Ìdí ẹ̀ rèé: ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn pátápátá nínú bọ́ọ̀sì mọ bí kòtò ṣe ń gbé e sókè, ẹni tó wà láàárín kì í mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ òkun rí. Ẹ má sì gba yàrá tó wà lábẹ́ gbọ̀ngàn ijó, àfi tí oorun kò bá jẹ́ nǹkan lójú yín.

Wọ́n ń gba ẹrù yín létí omi, ó lè di alẹ́ kó tó dé yàrá. Nítorí náà, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn àtọ̀gbẹ, ìwé ìrìnnà, gbogbo ẹ̀ inú báàgì ọwọ́ ni kó wà. Ẹ má gbé áyọ́ọ̀nù dání, ẹ má gbé wáyà tí a fi ń se omi, ẹ má gbé àbẹ́là. Wọ́n á gbà á, nítorí iná ni wọ́n ń bẹ̀rù jù lójú omi. Ọbẹ̀ tí ẹ sè láti ilé náà, wọn kò ní jẹ́ kó wọlé. Ẹ má mikàn, oúnjẹ pọ̀ ju ohun tí ẹnu lè jẹ lọ. Àwọn ará Íńdíà àti Filipíìnì pọ̀ lára àwọn òṣìṣẹ́. Mo sọ fún ọ̀kan pé ata ni mo fẹ́, ó rẹ́rìn-ín, láti ọjọ́ náà ni ata tèmi ti ń dá dé.

Kí ọkọ̀ tó ṣí, wọ́n á ní kí gbogbo èèyàn wá kọ́ ibi tí wọ́n óò sá sí bí ewu bá dé, àti bí a ṣe ń wọ ẹ̀wù tó ń múni léfòó. Fèrè kúkúrú méje, gígùn kan, òun ni àmì ewu. Àwọn kan ń ṣe bí ẹni pé eré ni. Kì í ṣe eré o. Ní January 13, 2012, ọkọ̀ Costa Concordia kọlu àpáta lẹ́bàá erékùṣù Giglio ní Ítálì, èèyàn 32 kú. Àwọn tó wọlé lọ́jọ́ yẹn gan-an kò tíì gba ẹ̀kọ́ yìí rárá.

NÍGBÀ TÍ ÒKUN Ń RU

Láàárín Faransé àti Sípéènì, omi ńlá kan wà tí wọ́n ń pè ní Biscay. Omi yẹn kì í ṣe ẹgbẹ́ ọ̀sà. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ife ń yọ̀ lórí tábìlì, inú mi ń ru. Atalẹ̀ tí mo gé sínú ọ̀rá ni mo ń jẹ lẹ́nu, pẹ̀lú bisikíìtì gbígbẹ. Mo jáde síta, mo tẹjú mọ́ ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé omi, ara sì balẹ̀. Oògùn èébì wà, ṣùgbọ́n kí inú tó dàrú ni wọ́n ń lò ó. Ẹni tó bá sì ń lo oògùn mìíràn, kó bi dókítà ẹ̀ kó tó kúrò nílé.

Dókítà wà nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n owó ni. Ẹ gba ìwé ìdáàbòbò ìlera tó dárúkọ ìrìn àjò ojú omi, kí ẹ má sì fi àìsàn tí ẹ ní pamọ́ fún wọn, nítorí bí wọ́n bá rí i lẹ́yìn, wọn kò ní san nǹkan kan. Ẹ máa fi ọṣẹ àti omi fọwọ́ kí ẹ tó jẹun. Àrùn èébì òun ìgbẹ́ gbuuru kan wà tó ń ràn kíákíá nínú ọkọ̀, oje ìpawọ́ tí wọ́n gbé sẹ́nu ọ̀nà kò tó o.

Ti owó ńkọ́? Káàdì kan ni wọ́n fún wa, òun ni kọ́kọ́rọ́ yàrá, òun náà ni owó. Ohun mímu, ìfọṣọ, fọ́tò, gbogbo ẹ̀ ló ń wọ orí káàdì. Nínú ọkọ̀ mìíràn, wọ́n tún ń bu owó àwọn òṣìṣẹ́ lé e lójoojúmọ́, lórí èèyàn kọ̀ọ̀kan. Ẹ bèèrè kí ẹ tó gbéra. Ẹ pa ìpè fóònù yín mọ́ lójú òkun, owó tó ń gbà níbẹ̀ burú.

Ní ti aṣọ, alẹ́ kan máa ń wà tí wọ́n ń múra bí ẹni ń lọ síbi ìyàwó. Ẹ má ra aṣọ òyìnbó. Mo wọ aṣọ òkè, mo wé gèlè. Ó tó èèyàn mẹ́wàá tó ní àwọn fẹ́ bá mi ya fọ́tò.

ỌJÀ FUNCHAL ÀTI ERÉKÙṢÙ ÀBÚRÒ BÀBÁ MI

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta lójú omi, a dé Funchal ní erékùṣù Madeira, ti àwọn Potogí. Ọjà ni mo kọ́kọ́ bèèrè. Mercado dos Lavradores ni wọ́n ń pè é, láti 1940 ló ti wà níbẹ̀. Mo rí ẹja dúdú kan tó gùn bí idà, inú ibú jíjìn ni wọ́n ti ń fi ìwọ̀ fà á jáde. Àwọn elésò á gé èso fún yín tọ́ wò, ẹnu yín á dùn. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ mọ ọgbọ́n yẹn! Ẹ bèèrè iye tó jẹ́ kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n.

Ilẹ̀ mọ́, a wà ní Las Palmas. Etí ọkọ̀ báyìí ni gbàgede Santa Catalina wà, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn ín. Láti ibẹ̀ mo rìn dé etíkun Las Canteras, iyanrìn tó gùn tó kìlómítà mẹ́ta. Mo bọ́ bàtà, mo dúró sínú omi, mo dárúkọ àbúrò bàbá mi. Ibi tó ti kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ òyìnbó ní 1961, ọmọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀ náà ti tẹ̀ ẹ́.

Àwọn obìnrin erékùṣù wọ̀nyẹn ní iṣẹ́ ọwọ́ kan tí wọ́n ń pè ní calado. Wọ́n á na aṣọ mọ́ igi, wọ́n á fa òwú inú ẹ̀ yọ níkọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ so èyí tó kù di òdòdó. Èmi tí mo ti ń ránṣọ láti kékeré, mo dúró, mo ń wò. Mo ra méjì, ọ̀kan tèmi, ọ̀kan ti Ìyá Bọ́sẹ̀.

Nígbà tí à ń padà bọ̀, a ya La Coruña ní Sípéènì. Aago Funchal àti ti Las Palmas, ọ̀kan náà ni wọ́n pẹ̀lú ti Ìlú Ọba, ṣùgbọ́n La Coruña fi wákàtí kan ṣáájú. Wọ́n ti ti ìwé sábẹ́ ilẹ̀kùn wa lálẹ́ àná pé kí a sún aago síwájú. Tọkọtaya kan kò kà á. A ti ká okùn, a ti kúrò létí ilẹ̀, kí wọ́n tó sáré dé. Wọ́n ń juwọ́, àwa náà ń juwọ́, ọkọ̀ ń lọ. Àpò ara wọn ni wọ́n óò fi wá bàálù. Bí ẹ bá bá ìrìn tí ọkọ̀ fúnra ẹ̀ ṣètò lọ, tí ó pẹ́, wọ́n á dúró dè yín. Bí ẹ bá dá lọ, ẹ padà ní wákàtí kan ṣáájú. Ẹ fi ẹ̀dà ìwé ìrìnnà àti nọ́ńbà aṣojú ọkọ̀ ní èbúté náà sápò, ó máa ń wà nínú ìwé tí wọ́n ń pín lójoojúmọ́.

Ìyá Bọ́sẹ̀ ló wá pàdé mi ní Southampton pẹ̀lú àwọn ọmọ. Mo nawọ́ aṣọ calado sí i. Ó yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn bí oníṣòwò, ó ká a sápò. Ó wá wò mí lójú, ó ní, "Ọkọ̀ yẹn, ṣé ó ń mì?"

Mo ní, "Ó ń mì díẹ̀. Ẹ ra atalẹ̀ sílẹ̀."

Ó ti sọ fún Bọ́sẹ̀ pé físà tó ń wọlé lọ́pọ̀ ìgbà ni òun ń fẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, òun fúnra òun ni yóò sì kà á. Ẹ̀yin tí ẹ ti wọ irú ọkọ̀ yìí rí, ẹ kọ lẹ́tà sí wa, kí ẹ sọ tiyín fún wa. Ire o.