Ajá Tó Gbàgbé Orin

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Páásíwọ́ọ̀dù tí mo gbàgbé yìí, ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é. Alẹ́ Sátidé ni mo ṣe é, nígbà tó fi máa di àárọ̀ Mọ́ńdè, ó ti lọ.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọ̀rẹ́ ẹni tí a jọ ń gbé yàrá kan náà ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì máa ń ṣí lápútọ́ọ̀pù mi wo fíìmù bí mo bá ti lọ sí kíláàsì. Bátìrì á kú, kò sì ní tọrọ gáfárà. Inú bí mi, mo ní n óò fi hàn án. Páásíwọ́ọ̀dù tí mo ti ń lò láti ọdún àkọ́kọ́, mo pààrọ̀ ẹ̀, mo fi tuntun síbẹ̀: lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré, nọ́ńbà, àti àmì kan tí mi ò mọ orúkọ ẹ̀ títí di òní. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì bí ẹ̀rọ náà ṣe ní kí n ṣe, mo pa á, mo sùn. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo tẹ ohun tí mo rò pé ó jẹ́. Ó ní kì í ṣe òun. Mo yí lẹ́tà ńlá padà. Kì í ṣe òun. Mo yí nọ́ńbà padà. Mo tẹ̀ ẹ́ títí ìka fi ń ro mí. Ẹni tí mo tìtorí ẹ̀ ṣe gbogbo ẹ̀ ló tún wá ń bi mí pé, "Ṣé kò ṣí ni?"

Tó bá jẹ́ fíìmù nìkan ló wà nínú ẹ̀, mi ò bá má sọ̀rọ̀. Orí mẹ́ta púrọ́jẹ́ẹ̀tì mi wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n púrọ́jẹ́ẹ̀tì gan-an kọ́ ló pa mí lẹ́kún. Ohùn màmá àgbà ló wà níbẹ̀, ìyá tó bí ìyá mi.

Lakowe ni ilé wa, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ibẹju-Lẹkki. Tí ẹ bá wọkọ̀ láti Ajah, ẹ máa kọjá Sangotedo àti Awoyaya kí ẹ tó débẹ̀. Orúkọ ìlú náà máa ń dún létí mi bí alákọ̀wé, ṣùgbọ́n màmá àgbà ò fẹsẹ̀ tẹ ilé ìwé rí. Lónìí, pápá gọ́ọ̀fù wà ní Lakowe. Oko ẹ̀gẹ́ ni wọ́n mọ̀ ní tiwọn. Nínú ìsinmi Kérésìmesì, mo fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀ fún púrọ́jẹ́ẹ̀tì mi, ó tó wákàtí 4: bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ lórí ọ̀sà kí wọ́n tó la títì Lẹkki sí Ẹ̀pẹ́, bí wọ́n ṣe ń yan gààrí, àti àwọn àlọ́ tí wọ́n máa ń pa fún wa. Fóònù mi kún. Mo kó gbogbo ẹ̀ sórí lápútọ́ọ̀pù, mo sì pa ti orí fóònù rẹ́. Ní oṣù kejì ọdún, màmá àgbà pa ipò dà.

Ọ̀kan nínú àlọ́ yẹn, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ìyàn mú, àwọn ẹranko bá pinnu láti máa pa ìyá wọn jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ajá gbé ìyá tiẹ̀ pamọ́ sọ́run. Bí ebi bá pa á, á kọrin, ìyá á ju okùn sísàlẹ̀, á gòkè lọ jẹun. Ìjàpá fetí kọ́ orin náà, òun náà lọ kọ ọ́, okùn sì sọ̀ kalẹ̀. Àbí kí ni orin yẹn, bí kì í bá ṣe páásíwọ́ọ̀dù? Ìjàpá ni gbogbo wa ń ṣọ́ra fún. Èmi wá ṣe èyí tí kò sí nínú àlọ́: èmi ni Ajá tó gbàgbé orin. Ìyá wà lókè, okùn wà lọ́wọ́ wọn, mo dúró nísàlẹ̀, mi ò mọ ohun tí n óò kọ.

Ẹni àkọ́kọ́ tí mo gbé lápútọ́ọ̀pù náà lọ bá lẹ́nu géètì ò tiẹ̀ tíì wò ó dáadáa tó fi sọ pé, "Àǹtí, fọ́màátì ni. ₦5,000." Mo ní àwọn nǹkan inú ẹ̀ ńkọ́? Ó ní, "Wọ́n máa lọ náà." Mo gbé e kúrò níwájú ẹ̀ bí ẹni gba ọmọ lọ́wọ́ gbọ́mọgbọ́mọ.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo wọkọ̀ lọ sílé. Ìyá mi ní ọmọkùnrin kan ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nínú kọ̀nténà lẹ́bàá títì. Ọmọ náà wò mí, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ mọ páásíwọ́ọ̀dù yẹn ni, àbí ẹ fẹ́ wọlé?"

Mo ní kí ni ìyàtọ̀ ẹ̀? Ó ní kọ̀ǹpútà gan-an ò mọ̀ ọ́n. Ó ní bí ẹ bá ti tẹ páásíwọ́ọ̀dù, ẹ̀rọ á lọ̀ ọ́ bí wọ́n ṣe ń rin ẹ̀gẹ́, èyí tó ti di gààrí ló máa tọ́jú. Bí ẹ bá padà dé, á tún lọ èyí tí ẹ mú wá, á fi gààrí wé gààrí. Bí wọ́n bá bára mu, ẹ wọlé. Ta ló wá lè sọ gààrí padà di ẹ̀gẹ́? Èyí tó ti lọ ti lọ. Tuntun la máa ń ṣe.

Tókúnbọ̀ ni lápútọ́ọ̀pù mi, Windows 7 ló wà lórí ẹ̀. Ó ki fláàṣì kan tí Linux wà lórí ẹ̀ bọ̀ ọ́, ó fi ìyẹn tan ẹ̀rọ náà, kò bá Windows sọ̀rọ̀ rárá. Ẹ̀yìnkùlé ló gbà wọlé. Ó kọ́kọ́ kó gbogbo fáìlì mi sórí fláàṣì mìíràn, kó tó wá pa páásíwọ́ọ̀dù rẹ́. Gbogbo ẹ̀ ò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Inú mi dùn, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà mí. Tó bá rọrùn tó báyìí, kí ni mo ń tìlẹ̀kùn fún? Irú páásíwọ́ọ̀dù tèmi kàn dà bí ẹni tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tó ń béèrè orúkọ ni. Kò sí ògiri lẹ́yìn ẹ̀. Ọmọ náà ní ti àwọn kọ̀ǹpútà tuntun yàtọ̀. Èyí tí BitLocker bá wà lórí ẹ̀, gbogbo inú ẹ̀ ló ti dàrú mọ́ àjèjì lójú. Bí ẹ bá pàdánù páásíwọ́ọ̀dù, tí ẹ ò sì tọ́jú nọ́ńbà 48 tó fi ń ṣí i, òun náà á káwọ́ lẹ́yìn ni. Tó bá jẹ́ irú ẹ̀ ni mo ní, màmá àgbà ì bá tún kú lẹ́ẹ̀kejì.

Mo wá lọ kà nípa ọ̀rọ̀ yìí. Ní nǹkan bí ọdún 1961 ni Fernando Corbató àti àwọn ènìyàn ẹ̀ ní MIT, ní Amẹ́ríkà, fi páásíwọ́ọ̀dù sórí kọ̀ǹpútà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò. Nígbà tó di 1962, akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa kan, Allan Scherr, ti mú kí ẹ̀rọ náà tẹ gbogbo páásíwọ́ọ̀dù náà jáde fún un, torí àkókò tí wọ́n fún un ò tó o. Ẹ ò rí Ìjàpá! Lẹ́tà ńlá àti àmì tó kó bá mi yẹn ńkọ́? Bill Burr ló kọ ìlànà ẹ̀ fún àjọ kan ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2003. Lọ́dún 2017, òun fúnra ẹ̀ ní òun kábàámọ̀ púpọ̀ nínú ẹ̀. Ìlànà tuntun ọdún yẹn ní kó gùn ló ṣe pàtàkì jù.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, èmi àti ìyá mi jókòó sí yàrá màmá àgbà, a ń gbọ́ àlọ́ Ajá. Bí orin ṣe dé, ìyá mi ti ń gbè é kí n tó la ẹnu. Wọn ò nílò kọ̀ǹpútà. Orí wọn ló wà láti kékeré. Ojú wá tì mí. Màmá àgbà fi orin yẹn sórí gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ wọn. Èmi tí mo kàwé, ibì kan ṣoṣo ni mo fi ohùn wọn sí, mo sì tilẹ̀kùn mọ́ ara mi síta.

Ó ti wà lórí fóònù ìyá mi báyìí, ó wà lórí ti àbúrò wọn, ó wà lórí fláàṣì. Páásíwọ́ọ̀dù mi tuntun gùn, Yorùbá ni, mi ò sì ní sọ ọ́ fún yín, Ìjàpá pọ̀ jù láàárín yín. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, ó wà nínú àpótí aṣọ ìyá mi. Bí mo bá tún gbàgbé, Lakowe kò jìnnà, n óò wọkọ̀.