Ẹni tó ń gbá ṣímínì

Ìyá ìyàwó mi wá kí wa láti Ìbàdàn, wọn ò sì gbà pé ó yẹ kéèyàn sanwó fún ẹni tó ń gbá ọ̀nà èéfín. Nínú ilé ìdáná tí wọ́n dàgbà sí, èéfín ń gba fèrèsé, ó ń gba abẹ́ òrùlé, ó ku dúdú tó lẹ̀ mọ́ àjà. Ṣùgbọ́n nínú ilé bíríkì àtijọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀nà kan ṣoṣo ni èéfín ní. Bí ọ̀nà yẹn bá dí, pálọ̀ ni èéfín ń padà sí, tòun ti carbon monoxide tí kò láwọ̀ tí kò lóòórùn, tó lè pa èèyàn sójú oorun.

Ọkùnrin tó wá tẹ́ aṣọ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí ààrò, ó ta aṣọ mìíràn bo ẹnu ààrò, ó sì tan ẹ̀rọ tó ń fa eruku. Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ihò, ó ń so ọ̀pá mọ́ ọ̀pá bó ti ń tì í gòkè. Nígbà tó ní ká jáde lọ wo orí ilé, Mọ́mì ló ṣíwájú. Búrọ́ọ̀ṣì ti yọrí lókè, ó ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún. Wọ́n pàtẹ́wọ́!

Ọmọdé ni wọ́n ń tì wọ inú irú ihò bẹ́ẹ̀ nígbà kan. Lọ́dún 1875, George Brewster, ọmọ ọdún 11, há sínú ṣímínì ilé ìwòsàn kan ní Fulbourn, nítòsí Cambridge, ó sì kú. Wọ́n rán ọ̀gá rẹ̀ lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ọdún yẹn náà ni òfin tó múná lórí iṣẹ́ gbígbá ṣímínì jáde.

Lójú tèmi, ìdánwò èéfín ló yẹ kéèyàn sanwó fún ju gbígbá lọ. Wọ́n á tan nǹkan eléèéfín sínú ààrò, wọ́n á wò ó bóyá òkè ló gbà tán, tàbí ó ń yọ ní yàrá òkè. Ẹni tó bá ń fi igi tútù dáná, kó sọ fún wọn: èéfín rẹ̀ ń dì mọ́ ògiri ihò bíi kóltà, iná sì lè ràn án. Bí ẹyẹ bá sì ń sàba níbẹ̀, wọn ò ní fọwọ́ kàn án títí ọmọ ẹyẹ á fi fò; òfin ọdún 1981 tó ń dáàbò bo ẹyẹ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ gba ìwé ẹ̀rí kí wọ́n tó lọ, torí ilé-iṣẹ́ adójútòfò lè béèrè rẹ̀. Kí ẹ sì pè wọ́n kí òtútù tó dé, nígbà tí ọwọ́ wọn ṣì dilẹ̀.