BÍ ILẸ̀ BÁ LỌ, NÍBO NI ẸGBẸ́ YÓÒ TI ṢÈPÀDÉ?
Akọ̀ròyìn wa dé Ayétòrò, ní etíkun Ìlàjẹ

Ní ìjelòó, lẹ́tà kan wọlé sí ọ́fíìsì wa. Ẹni tó kọ ọ́ ní kí a bá òun wádìí ohun tí yóò gbẹ̀yìn àwọn ilé ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀ àtijọ́ tó ń wó káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Ṣé kí àwọn ọmọ tà wọ́n ni? Ṣé kí ìjọba gbà wọ́n ni? Àbí kí òjò máa pa wọ́n lọ títí wọn yóò fi di òkìtì àlàpà? Olóòtú wa ka lẹ́tà náà tán, ó na ìwé náà sí mi, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, máa gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ."

Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kàn mí. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́. Nígbà tó kú, mo ṣì wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Òru ni àwọn ará ẹgbẹ́ rẹ̀ dé, wọ́n ní arákùnrin àwọn ni, àwọn ló ni òkú. Àwọn ìjọ rẹ̀ ní irọ́ ni, ọmọ ìjọ ni, itẹ́ ìjọ ló ń lọ. Ilẹ̀ mọ́, àríyànjiyàn kò tán. Ìyàwó rẹ̀ jókòó ti òkú, ó ń sunkún, kò sì sí ẹni tó bi í léèrè ohun tí òun fẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gba ọ̀nà mìíràn tí n kò bá fẹ́ kọjá níwájú ilé ìpàdé wọn.

Ní oṣù tó kọjá ni mo mọ̀ọ́mọ̀ gba ibẹ̀. Páànù ti ṣí kúrò lórí, ewúrẹ́ ń sùn síbi tí àwọn àgbà ti ń jókòó. Ẹnì kan ti fi ọ̀dà kọ ọ́ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà. Ẹlòmíràn ti fi ọ̀dà mìíràn pa á rẹ́. Àánú ilé náà ṣe mí. Ó sì yà mí lẹ́nu pé àánú rẹ̀ lè ṣe mí.

ILẸ̀ NI Ẹ̀KẸTA WỌN

Kí n tó wọ ọkọ̀, mo kọ́kọ́ lọ bi àwọn àgbà. Ẹgbẹ́ tó lọ́jọ́ lórí jù nínú wọn ni Ògbóni, tí àwọn Ìjẹ̀bú ń pè ní Òṣùgbó. Ilédì ni ilé ìpàdé wọn. Ní ayé àtijọ́, kì í ṣe ibi ìpamọ́ nìkan ni ilédì: ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá ẹjọ́ ńlá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gba ọba tó bá ṣi agbára lò níyànjú. Ẹni méjì tó bá mulẹ̀ kì í ṣe méjì mọ́, wọ́n di mẹ́ta, nítorí ilẹ̀ ni ẹ̀kẹta wọn. Ilẹ̀ ń gbọ́, ilẹ̀ ń rí, ẹni tó bá dalẹ̀ yóò bá ilẹ̀ lọ.

Nígbà tí òyìnbó dé, tiwọn náà bá wọn dé. Láàárín ọdún 1867 sí 1868 ni àwọn Fírímésìn dá lọ́ọ̀jì sílẹ̀ ní Èkó. Lọ́dún 1914, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà kan, Thomas Ogunbiyi, kó àwọn Kristẹni ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, wọ́n dá Ògbóni tiwọn sílẹ̀, èyí tí gbogbo wa wá mọ̀ sí Ògbóni Àtúnṣe. Lọ́yà wọ̀ ọ́, ọba wọ̀ ọ́, oníṣòwò wọ̀ ọ́. Wọ́n ń sin òkú ara wọn, wọ́n ń bá opó ara wọn gbé ẹrù. Ṣùgbọ́n ará ìta ò rí èyí. Ìlẹ̀kùn títì ló ń rí. Ìbẹ̀rù pọ̀ dé ibi tí Ìwé Òfin ọdún 1979 fi sọ ọ́, tí ti ọdún 1999 sì tún un sọ ní ẹka 38, pé ẹnikẹ́ni kò lè fi ẹ̀tọ́ ẹ̀sìn bojú láti wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn.

Báyìí ni àwọn ọ̀dọ́ ṣe sá, tí àwọn àgbà ń kú, tí ilé ń wó. Ti Òṣogbo nìkan ni mo gbọ́ pé ó gba ọ̀nà mìíràn: nínú igbó Ọ̀ṣun, Susanne Wenger àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú náà fi ọwọ́ tún ilédì kọ́, títí igbó náà fi wọ ìwé UNESCO lọ́dún 2005. Àwọn àlejò ń ti òkè òkun wá wò ó.

MO WỌ ỌKỌ̀ NÍ IGBÓKÒDÁ

Ẹ ó ní, kí ló wá kan Ìlàjẹ? Bàbá àgbà kan ló sọ fún mi pé, "Bí o bá fẹ́ mọ bí ilé ẹgbẹ́ ṣe ń kú, lọ sí Ayétòrò. Níbẹ̀, gbogbo ìlú ni ilé ẹgbẹ́." Ẹ má ṣì mí gbọ́ o! Àwọn ará Ayétòrò kì í ṣe ẹgbẹ́ ìmùlẹ̀, ìjọ Ọlọ́run ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ará ni wọ́n ń pe ara wọn, májẹ̀mú ló sì so wọ́n pọ̀.

Láti Òkìtìpupa ni mo ti wọ mọ́tò dé Igbókòdá, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ. Etí omi ibẹ̀ ń hó bí ìkòkò ọbẹ̀: ẹja gbígbẹ lọ́tùn-ún, edé lósì, pupurú tí iná ti yan títí ara rẹ̀ fi dúdú nínú apẹ̀rẹ̀. Mo bọ́ sínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì. Awakọ̀ wo bàtà mi, ó wo báàgì mi.

"Oníròyìn, ṣé ẹ mọ̀ wẹ̀?"

Mo ní n kò mọ̀ ọ́n.

"Ẹ yáa jókòó dáadáa nígbà náà."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá kan tó di ẹrù iyọ̀ mú ní kí n má dá a lóhùn, kí n wá jókòó ti òun.

Ẹ̀yin ará òkè, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí. Ilé wà lórí òpó, afárá pákó ló so ilé mọ́ ilé. Ọmọ tí kò ju ọdún méje lọ ń tukọ̀ bí ẹni ń gun kẹ̀kẹ́. Omi dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹrọ̀fọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ gbígbẹ tó fẹ̀ tó ẹní méjì, olówó ni.

ÀPÒ KAN, ILÉ KAN

Oṣù kìíní ọdún 1947 ni wọ́n tẹ Ayétòrò dó. Ọmọ ìjọ Séráfù ni wọ́n tẹ́lẹ̀, ìjọ tí Moses Orímọládé dá sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1925. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ni pé wọ́n wàásù tako pípa ìbejì àti ìrúbọ ní àwọn abúlé wọn, wọ́n fi ìyà jẹ wọ́n nítorí rẹ̀, wọ́n sì kó jáde lọ sí etíkun tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́. Wọ́n pe ara wọn ní Àpọ́sítélì Mímọ́. Ọba wọn ni Ògelóyìnbó, òun náà sì ni olórí ìjọ.

Ohun tó mú kí ayé máa wá wò wọ́n ni àpò kan ṣoṣo. Apẹja kò ta ẹja fún ara rẹ̀, ahunṣọ kò hunṣọ fún ara rẹ̀. Owó gbogbo wọ àpò ìlú; láti inú àpò náà ni oúnjẹ, aṣọ àti ilé ti ń jáde. Wọ́n kan ọkọ̀ ojú omi, wọ́n hun aṣọ, wọ́n rán bàtà, wọ́n ṣe búrẹ́dì, wọ́n tan iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá òkè ṣì ń tan àtùpà. Ìlú Ayọ̀ ni wọ́n ń pè é. Onímọ̀ ará Kánádà kan, Stanley Barrett, gbé láàárín wọn, ó sì tẹ ìwé jáde nípa wọn lọ́dún 1977. Kò dárúkọ ìlú náà. Olówó ló fi bò ó.

Ṣùgbọ́n ènìyàn ni ènìyàn ń jẹ́. Lẹ́yìn tí ọba àkọ́kọ́ wàjà, ìkùnsínú bẹ̀rẹ̀, nígbà tó sì di ọdún 1968, wọ́n gbà kí oníkálukú máa ṣòwò tirẹ̀. Àpò kan tú. Ìjọ kò tú, ìlú kò tú. Òkun ló wá ń tú u.

ÒKUN Ń KA ILÉ

Àwọn onímọ̀ sọ pé etíkun Máhìn yàtọ̀ sí ti Èkó: ẹrọ̀fọ̀ ni, kì í ṣe yanrìn. Bí ìgbì bá ti gbé ẹrọ̀fọ̀ lọ, kì í dá a padà. Òkun ayé ń ga sí i, ilẹ̀ ń rì, àwọn ọ̀nà omi tí wọ́n là nítorí epo rọ̀bì sì jẹ́ kí omi iyọ̀ wọ inú ilú. Láàárín ọgbọ̀n ọdún, ó lé ní ìdajì ilẹ̀ Ayétòrò tó ti lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ ìgbà àpò kan ti wọ omi, ilé ìgbẹ̀bí ti wọ omi, wọ́n ti ṣí ilé ìjọsìn kúrò níbi tó wà rí. Àjọ NDDC gbé iṣẹ́ ìdènà òkun jáde lọ́dún 2004, wọ́n tún un gbé jáde lọ́dún 2009. Ará ìlú ń ka ọdún, òkun ń ka ilé.

Ìyá àgbà kan rí mi tí mo ń fi fóònù ya àwòrán òpó pákó mélòó kan tó yọrí nínú ìgbì. Mo dọ̀bálẹ̀.

"Dìde, ọmọ mi, iyọ̀ yóò ba aṣọ rẹ jẹ́. Kí lò ń yà?"

"Àwọn òpó yẹn ni, Ìyá."

"Àdúgbò wa nìyẹn. Ọkọ mi wà lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀."

Mo kọ́kọ́ rò pé ọkọ wọn wà lórí omi, ó ń dẹ àwọ̀n. Ìgbà tí mo wo ojú wọn ni mo mọ̀ pé sàréè ni wọ́n ń wí. Mo rántí òru tí àwọn méjì ń jà lórí òkú ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Níbí, kò sí ẹni tó jà. Omi dé, ó gbà á. N kò lè ya àwòrán mọ́. Ìyá ní kí n yà á. "Yà á dáadáa," ni wọ́n wí, "kí o kọ orúkọ Ayétòrò sí i lábẹ́."

OHUN TÍ MO MÚ BỌ̀

Ẹni tó kọ lẹ́tà sí wa, ìdáhùn mi rèé. Ilé ẹgbẹ́ tó wà lókè ilẹ̀, òjò àti ẹjọ́ ló ń pa á. Àwọn tó ni ín ló lè gbà á là. Kí àwọn àgbà tó kù jókòó pẹ̀lú àwọn ọmọ, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ẹni tó ni ilẹ̀, kí wọ́n ya àwòrán ilé, kí wọ́n sọ ìtàn tó bá ṣeé sọ. Awo tó jẹ́ awo, ẹ fi pamọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn tó kọ́lé kì í ṣe awo. Ilé tí wọn kò bá lò mọ́ lè di ibi ìkàwé tàbí gbọ̀ngàn ìlú. Ó sàn ju ibùsùn ewúrẹ́ lọ.

Ti Ayétòrò kọjá agbára àwọn ọmọ. Ẹni tó di gómìnà Òndó ní oṣù kejìlá ọdún 2023, Lucky Ayédatiwa, ọmọ Ìlàjẹ ni. Kò sí ẹni tí yóò júwe ọ̀nà fún un. Ìdènà òkun ni wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún. Bí ó bá sì jẹ́ pé wọn yóò ṣí ìlú náà ni, kí wọ́n ṣí i pọ̀ sójú kan, kí wọ́n má fọ́n àwọn ará káàkiri.

Nígbà tí mo padà délé, mo lọ kí ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Mo bi wọ́n léèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n lóru ọjọ́ náà. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Wọ́n ní, "Ibi tí mo ti lè máa lọ ro koríko orí rẹ̀ ni mo fẹ́."

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ilé ẹgbẹ́ àtijọ́ bá wà ládùúgbò yín, ẹ kọ̀wé sí wa. Ẹ sọ ọdún tí wọ́n kọ́ ọ, ẹ sọ ipò tó wà báyìí. Ẹ tètè kọ ọ́.