Kí Ẹ Tó Bèèrè Pé Ta Ló Mú Un

Ṣé ẹ ti ka owó rí tí ó dín, tí orúkọ ẹnìkan sì sọ sí yín lọ́kàn lójú ẹsẹ̀? Ó ṣẹlẹ̀ sí mi ní Lọ́kọ́jà níbí. Olùkọ́ físíìsì ni mí, èmi náà ni mo sì ń tọ́jú owó àjọ àwa olùkọ́. Lóṣù kan, ìwé ní 180,000 náírà ló wọlé. 160,000 ni mo kà. Ojú mi lọ sára ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bá mi gba owó kiri. N kò pè é ní olè, ṣùgbọ́n mo gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yé e.

Lọ́sẹ̀ yẹn, mò ń múra láti kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi nípa dark photon. Àwọn onímọ̀ ti ṣàkíyèsí pé àwọn ìràwọ̀ ń rìn bí ẹni pé ohun kan tí ojú kò rí ń fà wọ́n. Ohun náà tó nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún gbogbo ohun tí à ń rí. Àwọn kan rò pé ó ní irú ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀. Òun ni wọ́n pè ní dark photon.

Ní CERN, lẹ́bàá Geneva, iṣẹ́ ìwádìí kan wà tó ń jẹ́ NA64. Ẹ̀rọ ńlá ń ta ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú agbára 100 GeV, lu òjé àti ike tí wọ́n tò ní ìpele ìpele, èyí tó ń wọn agbára náà. 100 ló wọlé. Bí ohun tí wọ́n wọ̀n kò bá tó 50, ó lè jẹ́ pé dark photon ló gbé ìyókù lọ.

Ṣùgbọ́n wọn kì í tètè pariwo. Wọ́n fi ẹ̀rọ kan síwájú láti mọ̀ bóyá ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ló wọlé lóòótọ́. Wọ́n to àwọn mìíràn sẹ́yìn, kí ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ má baà yọ́ jáde. Láti 2016 sí 2022, wọ́n ta nǹkan bí bílíọ̀nù 937 ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ní 2023, wọ́n kéde pé àwọn kò rí dark photon kankan. Bí wọ́n ṣe bá a ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Iṣẹ́ náà kò sì já sí asán: a ti mọ ibi tí kò sí.

Ibi tí mo ti ń kọ èyí sójú pátákó ni ọkàn mi ti gún mi. Èmi kò yẹ ohun tó wọlé wò. Mo padà sídìí ìwé: mo ti kọ 20,000 náírà ẹnìkan sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Owó kankan kò sọnù.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo lọ sí Adankolo, mo bẹ ọ̀dọ́mọkùnrin náà lójú ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ti tán." Ṣùgbọ́n kò gba iṣẹ́ náà padà.

Nígbà mìíràn, ẹnìkan ló mú un lóòótọ́. Síbẹ̀, ẹ̀yin ará, kí ẹ tó dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ kọ́kọ́ yẹ ìwé tiyín wò.