Ìpele Kẹrin

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má bínú pé akéwì ń sọ̀rọ̀ fisíìsì. Ọ̀rọ̀ náà ló wá bá mi ní yàrá.

Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé ń ka fisíìsì. Nígbà tí a fẹ́ wọ ọdún kẹrin, màmá rẹ̀ wá láti ilé. Wọ́n ní, "Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo ti ń ta ata sanwó, mi ò tíì rí nǹkan kan. Kí lẹ ń kọ́ níbẹ̀ gan-an?" Mo mọ̀ pé owó ọdún kẹrin ni wọ́n ń rò. Ọ̀rẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ òyìnbó: perovskite, thin film, interface. Màmá ń wò ó bí ẹni ń gbọ́ rédíò tí kò já geere. Ó bá yíjú sí mi: "Ìwọ tó ń ka Yorùbá, gbà mí jàre."

Òun kan náà tó máa ń bi mí pé kí ni màá fi Yorùbá ṣe!

Mo ní kó ṣàlàyé fún mi ná. Perovskite ni òkúta kan tí wọ́n rí ní òkè Ural ní Rọ́ṣíà ní 1839. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe gbogbo ohun tí átọ́ọ̀mù wọn bá tò bíi tirẹ̀. Méjì nínú wọn ni lanthanum aluminate àti strontium titanate. Iná ò lè gba inú èyí kọjá, kò lè gba inú ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní 2004, Ohtomo àti Hwang tẹ́ èkíní pẹlẹbẹ sórí èkejì, iná bá ń ṣàn níbi tí méjèèjì ti fara kanra. Ní 2007, àwọn mìíràn rí àmì òòfà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí èyí tó jẹ́ òòfà nínú àwọn méjèèjì.

Mo yí i sí Yorùbá. Màmá mirí. "Bí ìgbà tí bàbá mi ń fi òkúta àti irin ṣáná nù un. Kò síná nínú òkúta, kò síná nínú irin."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà. Àmọ́ ìyẹn á kú lójú ẹsẹ̀. Ti ibí yìí, ojú ibẹ̀ gan-an ló di ọ̀nà iná."

Ọ̀rẹ́ mi ní, "Sọ ti ìpele fún wọn." Ìpele ìpele ni wọ́n ń tẹ́ ẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ò ju nǹkan bí 0.4 nanometre lọ. Tẹ́ 1, kò síná. Tẹ́ 2, kò síná. Tẹ́ 3, òkùnkùn biribiri. Ó di ìkẹrin, iná dé. Ní 2006 ni wọ́n kọ ìyẹn jáde. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni pé mẹ́ta àkọ́kọ́ ò ṣòfò, agbára ni wọ́n ń kó jọ.

Màmá dákẹ́, wọ́n wo ọmọ wọn. "Ṣé kì í ṣe pé ẹ jọ dìtẹ̀ owó mi báyìí?" A bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rẹ́ mi ò bi mí ní ìbéèrè yẹn mọ́. Èmi náà ò pe fọ́múlà rẹ̀ ní ọfọ̀ mọ́. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n mú iná lọ. A jókòó sínú òkùnkùn, ó ń sọ ohun tí electron jẹ́ fún mi, èmi ń wá orúkọ tí màá fún un.